Asẹ́ Tí Mo Rán fún Ìyá Mi

Ọmọ ilé kejì mi kan, tó ń kàwé ní yunifásítì, ló wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àwọn onímọ̀ ti ń fọ́ igi àti òwú sí fọ́nrán tó tín-ín-rín débi pé ojú lásán ò lè rí i. Wọ́n á wá tẹ́ àwọn fọ́nrán náà lé ara wọn títí wọn yóò fi di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Ó ní ó fúyẹ́, ó sì le. Ó ní ihò wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò náà kéré tó fi jẹ́ pé omi á kọjá, kòkòrò ò ní í kọjá. Wọ́n lè fi sẹ́ omi, wọ́n lè fi bo egbò, wọ́n lè fi bo imú nítorí eruku. Ó ń ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ júwe, bí ẹni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò dé ìlú wa rí. Mo ní kó jókòó. Mo ní èmi ti rán ẹ̀gbọ́n awọ tó ń wí yẹn kí wọ́n tó bí i.

Kò gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọjọ́ tí wọ́n dáyé ni ọgbọ́n náà dáyé. Òótọ́ ni pé tèmi ò tín-ín-rín tó èyí tó ń wí. Aṣọ òwú ni tèmi, wọ́n sì hun ún ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán an: kó jẹ́ kí omi kọjá, kó dá kòkòrò dúró. Ohun tó ṣe fún mi àti ohun tó gbà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ ìyẹn fún ọmọ náà. Òun ni mo fẹ́ sọ níbí.

Télọ̀ ni mí. Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, mo ní yàrá kan ní Igbó-Ọrà, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ mọ Igbó-Ọrà. Agboolé wo ni wọn ò ti bí ìbejì rí níbẹ̀? Aṣọ ọmọdé ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, méjì-méjì ni mo sì máa ń rán an: búbá kékeré méjì, fìlà méjì, ṣòkòtò méjì, kí ọ̀kan má baà sunkún nítorí ti èkejì. Nínú ìlú tí obìnrin ti ń bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èmi ò bí ẹyọ kan. Ọkọ mi ṣe sùúrù dé ibi tí sùúrù rẹ̀ mọ, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn. Mi ò bá a jà. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lé orí ọmọlanke, mo lọ gba yàrá.

Ẹnu mi mú, èmi náà mọ̀. Àǹtí Télọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á gbé ọmọ wá, màá wọ̀n ọ́n, wọ́n á lọ, wọn kì í jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ohùn kan ṣoṣo tí mo máa ń gbọ́ nínú yàrá yẹn ni tèmi. Mo máa ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Mo máa ń bá òwú tó já wí. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, èmi ò rí ọwọ́ tí màá kó jọ. Ìdánìkanwà náà dùn mí, ó dùn mí gan-an, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé mi ò rí ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo ní ni ìyá mi. Èmi nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ tó bí. Abà kan lẹ́yìn Igangan ló ń gbé, níbi tí bàbá mi ti ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ kó tó kú. Ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ ni wọ́n sin bàbá mi sí. Ìyá mi ń ta ògì, tọmọdé tàgbà ló ń pè é ní Ìyá Ológì. Lọ́dọọdún ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá mi gbé ní ìlú, ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í yí padà: "Ta ni n ó wá fi bàbá ẹ sílẹ̀ fún?"

Ó ṣeé ṣe kí n máà máa bẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti sòbìà. Ẹni tí kò bá rí sòbìà rí, kó dúpẹ́. Inú adágún tí a ti ń pọn omi ló ti ń wá. Kòkòrò wínníwínní kan wà nínú omi náà, òun ló gbé ọmọ sòbìà sínú. Ẹni tó bá mu ún kò ní í mọ nǹkan kan. Á jẹun, á sùn, á ṣọdún. Ó máa ń tó bí ọdún kan kó tó yọjú. Ẹsẹ̀ á wú, á máa ta ènìyàn bí iná, awọ á lé, á bẹ́, nǹkan funfun kan á sì yọ orí jáde níbẹ̀ bíi fọ́nrán òwú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń jáde, nígbà tí iṣẹ́ oko ń dúró de ẹsẹ̀. Mo ti wọ ilé tí gbogbo àgbàlagbà ibẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, tí wọ́n ń gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ohun ọ̀gbìn wọn, tí kò sí ẹni tó lè dìde lé e.

Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn tí sòbìà kì í mú ìyá mi. Á máa fi ìdí wọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò. Àwọn ará abà á bu omi fún un bí ẹsẹ̀ tiwọn bá gbà wọ́n. Èmi á wà ní Igbó-Ọrà lórí ẹ̀rọ, mi ò ní í mọ̀ títí ẹnì kan á fi gba ọjà wá sọ fún mi.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abà dé abà. Wọ́n gbé ìdì aṣọ funfun wá, wọ́n pín in fún àwa télọ̀ kí a gé e sí ìwọ̀n ẹnu àmù, kí a ká etí rẹ̀, kí a sì ki okùn sí i. Mo ti fọwọ́ kan aṣọ púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí irú ìyẹn. Òwú ni, òwú inú oko bí èyí tí àwọn ìyá wa ń ran, ṣùgbọ́n wọ́n ran án tín-ín-rín, wọ́n sì hun ún mọ́ra débi pé bí o bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wàá ní kò ní ihò. Àfi tí o bá gbé e sókè sí oòrùn kí o tó rí ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀ wínníwínní. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mi ò mú nǹkan kan dání. Mo fi gbogbo agbára fà á, kò ya. Mo da omi lé e, omi náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àyè, ó sì gba ibẹ̀ kọjá.

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera tó kọ́ wa ní ojú kan gbọ́dọ̀ máa wà lókè nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá yí aṣọ náà dojú dé lọ́jọ́ kejì, kòkòrò tó ti lẹ̀ mọ́ ọn lánàá, inú àmù ni omi yóò ṣàn án lọ. Mo wá fi òwú pupa rán ojú òkè yí ká, kó má di pé ẹnì kan ń bèèrè ojú wo ni ojú wo. Bí àwọn obìnrin bá wá gba tiwọn, mo máa ń ní kí wọ́n wí i tẹ̀lé mi: pupa wo ọ̀run, funfun wo omi. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń wí i.

Èyí tí mo rán dáadáa jù nínú gbogbo wọn, ìyá mi ni mo gbé e lọ fún. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, sòbìà ti wà ní orúnkún rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ewé lé e, ó ń lé eṣinṣin.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ," ni mo wí. "Omi pọ́ǹpù wà níwájú ilé mi. Ta ló ń bu omi fún yín níbí?"

"Ọlọ́run ni."

Mo na aṣọ náà sí i. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ẹni tó ti ń sẹ́ ògì láti ìgbà ọmọge mọ aṣọ.

"Asẹ́ lèyí," ló wí.

"Asẹ́ omi ni. Ẹ so ó mọ́ ẹnu àmù, kí pupa wà lókè. Ẹ má mu omi kankan tí kò gba inú rẹ̀ kọjá, títí kan èyí tí ẹ ń gbé lọ sóko. Wọ́n ní sòbìà ò ní í jáde mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Wọ́n ní." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fojú bá mi. "Ó dáa. Jẹ́ á fi í ṣe àdéhùn. Bí sòbìà bá tún jáde lára mi lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, n ó di ẹrù mi, n ó tẹ̀ lé ẹ, ń ò ní í jiyàn. Bí ò bá jáde, o ò gbọdọ̀ fọ̀rọ̀ ìlú yọ mí lẹ́nu mọ́ títí n ó fi lọ bá bàbá ẹ."

Mo ní mo gbà. Ìgbà tí mo dé inú mọ́tò ni mo tó rí ohun tí mo gbà. Bí asẹ́ tí mo rán bá ṣiṣẹ́, ìyá mi ò ní í wá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, yóò wá, ṣùgbọ́n sòbìà ni yóò bá wá. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Síbẹ̀, mi ò lè rán aṣọ burúkú fún ìyá mi, àní bí mo bá tilẹ̀ fẹ́, ọwọ́ mi ò ní í gbà.

Mo lọ kí i nígbà Iléyá. Asẹ́ wà lẹ́nu àmù, ó le dan-in, pupa wo ọ̀run. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, mo sì jẹ ẹran ọdún lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ pé kí n tètè fi ọkàn sí i pé yàrá mi, èmi nìkan ni yóò máa gbà.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọkùnrin kan láti abà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

"Àǹtí Télọ̀, Ìyá Ológì ní kí ẹ máa bọ̀," ló wí. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ ti borí."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá mi ti di ẹrù rẹ̀. Ó jókòó lé àpótí, ìkòkò ògì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, asẹ́ tí mo rán wà lórí ẹrù, ó ká a dáadáa. Kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú, funfun náà ti yọ orí.

"Ó ti jáde," ló wí. "Ọ̀rọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ mi. Gbé ẹrù."

"Ṣé ẹ ń sẹ́ omi náà lójoojúmọ́?"

"Mo ń sẹ́ ẹ."

"Ṣé ẹ mu omi tí ẹ ò sẹ́ lóko?"

"Ń ò mu ún."

Mi ò mọ ohun tí màá rò. Kò purọ́ fún mi rí. Mo gbé asẹ́ náà sí oòrùn, mi ò rí ibi tó ya. Ojú iṣẹ́ mi tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ẹrù rẹ̀ lé orí, ayọ̀ ń sáré nínú mi. Ó fi ọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn ilé, níbi tí bàbá mi sùn sí, ó sọ nǹkan tí mi ò gbọ́, a sì lọ.

Ohùn wọ yàrá mi. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, màá sì ká sòbìà náà mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera ṣe kọ́ mi. Kíká òwú ni iṣẹ́ mi, èyí sì nira ju gbogbo òwú tí mo ti ká lọ. Bí o bá kánjú fà á, á já sínú, egbò á sì bàjẹ́. Ìyá mi á di etí àpótí mú, á máa yẹ́ mi sí.

"Bí sòbìà bá fẹ́ degbò, olúgànbe là á ké sí," ló máa ń wí. "Ewé olúgànbe ló di télọ̀ yìí."

A máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ra àwo kejì. Mo máa ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Mi ò rántí ìgbà tí ayé mi dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ọkọ.

Nígbà tí sòbìà náà jáde tán, tí egbò bẹ̀rẹ̀ sí í san, ìyá mi dákẹ́. Ó máa ń gbé àpótí rẹ̀ síta ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, á kọjú sí ọ̀nà Igangan, ibẹ̀ ni yóò wà títí oòrùn á fi wọ̀. Kò sí ẹni tó ń pè é ní Ìyá Ológì mọ́. Ìyá Àǹtí Télọ̀ ni àdúgbò ń pè é. Ó ní kí n wá àgbàdo fún òun, ó rẹ ẹ́, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó rà á, nítorí olúkúlùkù ti ní ológì tirẹ̀. Àwa méjèèjì la fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ mu ògì yẹn. Lọ́jọ́ ọjà, á wá ará Igangan kàn, á bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kankan ń gbá ẹ̀yìn ilé òun.

Mo bínú. "Màmá, kí ni mo ṣe tí kò tó?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Àárò ló ń sọ mí."

Tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ló ń dá wà nínú yàrá yẹn. Ní báyìí, a ti di méjì, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń dá wà láyè tirẹ̀. Ohun gbogbo ní Igbó-Ọrà, méjì-méjì ni.

Nǹkan kan ṣoṣo tí kò fi sílẹ̀ ni asẹ́. Omi pọ́ǹpù tí ò ní kòkòrò, ìyá mi ń sẹ́ ẹ. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò jáwọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọlé láti mú òwú, mo bá a lẹ́nu àmù. Ó ti sẹ́ omi tán. Ó tú asẹ́, ó kó o jọ sí ọwọ́, ó rì í bọ inú àmù, ó ṣàn án, ó fún un sínú omi yẹn kan náà, ó sì gbọ̀n ọ́n sá sórí okùn.

"Màmá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo ṣan asẹ́."

"Sínú omi tí a fẹ́ mu?"

"Níbo lo fẹ́ kí n ṣàn án sí? Ṣé kí n wá da omi nù lẹ́ẹ̀rùn? Ìwọ ti gbàgbé ibi tí a ti ń pọn ọ́n." Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọge tí kò mọ iṣẹ́ ilé. "Bí o bá sẹ́ ògì tí o ò ṣan asẹ́ sí i, ìdajì ògì lo jù nù yẹn."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń ṣe lábà?"

"Báwo ni n ó ṣe máa ṣe é?"

Mo dúró síbẹ̀, òwú wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ẹni tó ń sẹ́ ògì mọ̀ pé ire ṣì kù lára asẹ́, kò ní í jẹ́ kó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ti omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù lára asẹ́ omi ni ibi tí a ń sá fún. Lójoojúmọ́ ayé ni aṣọ mi ń dá kòkòrò dúró lókè, lójoojúmọ́ sì ni ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàn wọ́n wọlé padà. Aṣọ mi ò jẹ̀bi. Kò sì sí ẹni tó kọ́ ìyá mi ní èyí. Pupa wo ọ̀run la ń wí, a ò sọ ibi tí wọ́n á ti ṣàn án, nítorí a rò pé ta ni kò mọ̀.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Búbá ìbejì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá gbà. Mo rán ti ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ ti èkejì. Bí mo bá pa ẹnu mi mọ́, ìyá mi yóò máa rò pé asẹ́ ló kùnà, pé àdéhùn ti bọ́ sọ́wọ́ mi, yóò sì máa bá mi gbé títí ayé rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò ní òun ò tíì pàdánù. Mo wò ó láti ibi tí mo jókòó. Mọ́tò Igangan kan dúró láti já èrò. Ìyá mi dìde lórí àpótí rẹ̀, ó bi awakọ̀ bóyá òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún. Awakọ̀ náà ní ó ti ń ṣú. Ìyá mi dúró síbẹ̀, ó ń wo mọ́tò náà títí ó fi lọ, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó.

Mo gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo lọ lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Màmá, asẹ́ yẹn ò jẹ̀bi," ni mo wí. "Ṣíṣàn tí ẹ ń ṣàn án sínú àmù ni. Kòkòrò tó ti dúró lókè, ẹ̀yin lẹ ń dá a padà sínú omi."

Ó na ẹsẹ̀, ó wo àpá kókósẹ̀ rẹ̀.

"Ó wá jẹ́ pé bí mo bá ti ń ṣàn án sílẹ̀?"

"Kì bá tí jáde."

Ó wò mí. Ìyá mi kì í ṣe òpè, ó mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́. "Kí ló dé tí o sọ fún mi?"

Mo ní bí wọ́n bá rán aṣọ fún ènìyàn, ó yẹ kí wọ́n sọ bó ṣe máa fọ̀ ọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò sì gbé e kúrò bọ̀rọ̀.

"Àdéhùn yẹn ò tíì parí," ló wí. "Ká tún un ṣe."

Nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo mú un padà. Mo rán asẹ́ tuntun fún un, mo rán òwú pupa náà ní ìlọ́po méjì. Ní abà, mo fi ibi tí yóò ti máa ṣàn án hàn án, ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, tó jìnnà sí àmù àti sí ọ̀nà adágún. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń mu ún, omi ò ṣòfò. Kí n tó lọ, ó ti gbá ẹ̀yìn ilé mọ́ fínífíní.

Ọdún yẹn ni mo rí i pé ìdánìkanwà tí ènìyàn bọ́ nínú rẹ̀ tó tún padà sí, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwo kejì wà nínú yàrá mi. Mo máa ń gbàgbé, màá bu oúnjẹ sí i. Mo ń rò ó pé bóyá ọmọ sòbìà tó mu kó tó wá bá mi ṣì wà lára rẹ̀, tó ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò gbàdúrà kó jáde. Mi ò lè gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, kò sí mọ́tò Igangan kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mi ò yọjú wò bóyá ẹnì kan gbé ìròyìn láti abà wá fún mi. Ẹnì kankan ò gbé e wá. Ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mo ní kí n lọ fojú ara mi rí i.

Mo sọ̀ ní oríta abà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo rí obìnrin kan níwájú tó ru igbá ògì, tó ń bọ̀, tó ń yára. Ìyá mi ni. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó na tòsì, ó yí wọn sọ́tùn-ún sósì bí oníbàárà tó ń wo aṣọ tuntun lára.

"Wò ó dáadáa," ló wí. "Télọ̀, wá wo iṣẹ́ ẹ."

Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi àpá ti àtijọ́.

A lọ sílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ṣan asẹ́ sí ìdí rẹ̀ ti yọ ọmọ. Ó bu omi fún mi láti inú àmù, mo mu ún, ó tutù. Òwú pupa etí asẹ́ ti ń ṣí níbì kan, mo yọ abẹ́rẹ́ nínú àpò mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rán an padà.

"O rántí àdéhùn wa," ló wí.

"Mo rántí, Màmá. Mi ò ní í sọ ọ́ mọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń bá ẹ mu omi àmù tìẹ?"

Mo ní àwọn oníbàárà ń mu ún. Ó mi orí. Ó di iṣu fún mi, ó sì ní òun á sìn mí. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ó jìnnà. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni, ibi tó bá wu òun lòun á fi rìn dé. Ó rin gbogbo ọ̀nà náà dé oríta, iṣu mi lórí rẹ̀, ó dúró tì mí títí mo fi rí ọlọ́kadà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti yíjú sílé, ó ń lọ kíákíá, kò tiro rárá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ariwo ọ̀kadà á bò ó, kò bò ó. Ọkùnrin náà rọra dẹ eré, ó yí orí sí mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá," ló wí. "Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá," ni mo wí fún un. "Ara ìyá mi yá ni."